Ìdí Mẹ́tàdínlógún ní Adágún Ìyeyè

Bí àlejò bá dé ìlú wa, Òkè-Àbàtà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu pé agbo ilé àwọn kún, pé bí àwọn bá jókòó láti jẹun, ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́rin kì í tó, kò ní pẹ́ tí àgbàlagbà kan á fi rọra tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí á sọ pé, "Ewé òṣíbàtà kún odò, ìdí rẹ̀ là ń kà." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ á mi orí. Àlejò náà nìkan ni kò ní mọ̀ bóyá wọ́n yìn ín ni tàbí wọ́n bú u.

Mi ò dá àlejò lẹ́bi, ọ̀rọ̀ náà rú èèyàn lójú. Ewé òṣíbàtà wà lójú omi, ojú gbogbo èèyàn ló tó o. Òdòdó rẹ̀ a máa funfun láàárọ̀ bí ìyẹ́ lékèélékèé. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi, nínú ẹrẹ̀, níbi tí ojú kò dé. Ta ló máa fi ohun tó hàn sílẹ̀, tí á máa ka ohun tó fara pa mọ́? Àwọn ará Ìpọnmi, ìlú tó múlé tì wá, tilẹ̀ máa ń fi òwe yìí ṣe wá ní yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìdí ni àwa ará Òkè-Àbàtà máa ń wò kiri. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀ náà tán, ẹ ó rí i pé kò yẹ kí Ìpọnmi wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ló sì yẹ kí n sọ ọ́, nítorí agbo ilé Láyíwọlá ni wọ́n bí mi sí, Láyíwọlá yìí sì ni ọ̀rọ̀ náà dójú tì. Ẹ má tíì káàánú mi.

Adágún omi kan wà lẹ́yìn ìlú wa. Ìyeyè la ń pè é, nítorí igi ìyeyè ńlá kan tó dúró létí rẹ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè bí àga. Omi rẹ̀ là ń mu, ẹja rẹ̀ là ń jẹ, òṣíbàtà ló sì bò ó. Òṣíbàtà kì í ṣe ohun tí ojú ń pọ́n èèyàn láti rí nílẹ̀ Yorùbá. Kò sí odò tó ń rọra ṣàn, kò sí ọ̀gọ̀dọ̀ tó pẹ́, tí a kò ní bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú àwọn baba wa, ti Adágún Ìyeyè yàtọ̀. Iṣu rẹ̀, ìyẹn ohun ribiti tó máa ń ta sínú ẹrẹ̀, a máa tóbi ju ẹyin tòlótòló lọ. Bí wọ́n bá sun ún nínú eérú gbígbóná, òórùn rẹ̀ á gba àdúgbò. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìkómọ, tí wọn kì í gbé e síwájú àlejò. Ohun tí a fi ń yangàn ni.

Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá oyè Aṣọ́dò sílẹ̀. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, gbogbo ìlú á péjọ sétí adágún. Aṣọ́dò á gun orí gbòǹgbò ìyeyè, á wo ọ̀tún, á wo òsì. Bí ewé bá bo ojú omi débi pé kò rí òjìji ara rẹ̀ níbẹ̀, á gbé ohùn sókè pé, "Odò kún, ewu ò sí." Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó parí. Ilé kọ̀ọ̀kan á wọ omi lọ, wọ́n á wa iye iṣu tó bá wù wọ́n. Aṣọ́dò fúnra rẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́ o. Èèwọ̀ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi èèyàn joyè náà, wọ́n á fi ẹfun kun àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, láti ọjọ́ náà títí dọjọ́ ikú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ẹrẹ̀ mọ́. Òkè ni á ti máa wo omi. Àwọn baba wa rò pé ọlá nìyẹn.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, Láyíwọlá ti wà lórí oyè fún ọdún mẹ́rìnlá. Ó ga, ó mọ aṣọ í wọ̀, ó sì fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ló ti gun gbòǹgbò náà, ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ló ti sọ pé ewu ò sí. Àwọn èèyàn ní bó bá ń kéde, àwọn tó wà lóko ń gbọ́ ọ. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ohùn rẹ̀ ni mo jogún, ìyàwó mi lè jẹ́rìí sí i.

Obìnrin kan sì wà, Omíṣadé, ọmọ ilé Onígèrè. Ìgèrè ni apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́nu tóóró tí ẹja máa ń wọ̀ tí kò ní lè jáde mọ́. Ilé Onígèrè ní àyè tiwọn nínú adágún láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ dẹ ìgèrè síbẹ̀. Ọkọ Omíṣadé ti kú, ìgèrè méjìlá ló fi ń tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ojoojúmọ́ ló ń wọ omi dé àyà. Bí ẹ ti mọ yàrá tí ẹ̀ ń sùn láìtan iná, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe mọ ìsàlẹ̀ adágún náà.

Ẹsẹ̀ yìí ló kọ́kọ́ sọ fún un pé nǹkan ti yí padà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sí ibi tí èèyàn fẹ́ tẹ̀ nísàlẹ̀ omi tí kò ní tẹ iṣu òṣíbàtà. Ní báyìí, ó lè rin ogún ìṣísẹ̀ kó má tẹ nǹkan kan ju ẹrẹ̀ lásán lọ. Bó bá sì gbójú sókè, ewé ló ń rí, ewé tó fẹ̀ bí àtẹ, tó pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹsẹ̀ òun ló ń tan òun. Lọ́jọ́ kan, ó di okùn ewé kan mú, ó tọ̀ ọ́ lọ dé ìsàlẹ̀. Ó tún mú òmíràn, ibì kan náà ló bá a já sí. Ó mú ogún, ó mú ọgbọ̀n. Nígbà tó fi máa ṣíwọ́, ó ti rí i pé ewé tó lé ní ọgọ́ta, tó gba ibi tó tó ojúde ilé kan, ìdí kan ṣoṣo ló bí wọn.

Ìgbà náà ló yé e. Bí àwọn èèyàn ti ń wa àwọn ìdí yòókù kúrò lọ́dọọdún, èyí tó ṣẹ́kù ráyè nara. Ó dà bí ilé tí ọmọ mẹ́fà ń sùn lórí ẹní kan, tí márùn-ún wá kú, tí ẹyọ kan tó kù ń sùn nà gbalaja. Ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé á ní ẹní kún.

Lọ́dún náà, ọ̀dá mú, iṣu oko kò ta. Ojú gbogbo ìlú wá ń wo adágún. Omíṣadé rí i pé bí wọ́n bá wa òṣíbàtà lọ́dún yìí bí ebi ṣe ń sọ fún wọn, kò ní ku ìdí kan. Bí ewé bá sì kúrò lójú omi, oòrùn á máa se ẹyin ẹja bí omi gbígbóná, omi tí à ń mu náà á sì fà. Ó lọ bá Láyíwọlá nílé, ó kúnlẹ̀, ó kà á fún un bó ti rí.

Láyíwọlá fi pẹ̀lẹ́tù dá a lóhùn, bí àgbà ṣe ń bá ọmọdé tó lálàá sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé kò rí ewé ni. Ó ní òun kò rí ọdún tó kún tó èyí rí láti ìgbà tí òun ti joyè.

"Omíṣadé," ló wá sọ, "òṣíbàtà wà ní Ìpọnmi, ó wà ní gbogbo odò láti ibí dé òkun. Ta ló ń ṣọ́ ohun tó wà níbi gbogbo?"

"Aṣọ́dò ni," ni Omíṣadé wí. "Ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Òṣíbàtà Ìpọnmi kò lè ṣíji bo ẹja tiwa."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Láyíwọlá wọnú egungun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé obìnrin Onígèrè fẹ́ kí ebi pa wọ́n nítorí kí ẹja tirẹ̀ lè ríbòòji. Àwọn obìnrin kò kí i létí omi mọ́. Wọ́n ń rí i, wọ́n ń wo ìkòkò tí wọ́n gbé wá.

Ọjọ́ ìkéde pé. Ìlú jáde tọkọ́ tapẹ̀rẹ̀. Òdòdó òṣíbàtà là funfun gbòò, ojú omi kò sí níbi kan tí èèyàn lè rí i. Láyíwọlá gun gbòǹgbò, ó tún agbádá ṣe, ó ha ọ̀fun. Kó tó la ẹnu, Omíṣadé jáde láàárín àwọn èèyàn, ó kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀ Adébọ́jọ, ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun ń bẹ̀bẹ̀ fún, pé kí wọ́n kọ́kọ́ kà á kí wọ́n tó wà á.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Baálẹ̀ jẹ́ arúgbó tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó béèrè bí èèyàn ṣe ń ka ohun tó wà nínú ẹrẹ̀. Omíṣadé ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú kèrègbè kéékèèké wá. Ó ní bí a bá di ewé mú, tí a tọ okùn rẹ̀ dé ìdí, kí a so okùn ìko kan mọ́ ìdí náà, kí a so kèrègbè mọ́ orí ìko kó máa léfòó. Kèrègbè kan, ìdí kan. Ìdí tí ìko bá ti wà lára rẹ̀, a kò ní kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Láyíwọlá rẹ́rìn-ín láti orí gbòǹgbò. "Ẹ jẹ́ kó kà á. Igba kèrègbè kò ní tó o."

Baálẹ̀ bi obìnrin náà pé bó bá wá pọ̀ ńkọ́, pé ebi ń pa ìlú, kò sì yẹ kí ẹnì kan dá wọn dúró lásán. Omíṣadé wo ìhà ibi tí ìgèrè rẹ̀ wà.

"Bó bá pé ọgọ́rùn-ún," ló wí, "kí ilé Onígèrè kó ìgèrè wọn kúrò nínú omi yìí títí láé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ fà á dìde, ó ní àyè bàbá àwọn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, kò sì ní ẹ̀tọ́ láti fi ta tẹ́tẹ́. Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ná. Láyíwọlá tí kì í gbà kí ẹlòmíràn sọ ọ̀rọ̀ ńlá kó má sọ tirẹ̀, dáhùn pé bí kò bá pé ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n bọ́ fìlà oyè lórí òun.

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n kà á. Igba kèrègbè géérégé ni wọ́n kó jọ sí bèbè. Obìnrin méjìlá ló wọ omi: Omíṣadé yan mẹ́fà, Láyíwọlá yan mẹ́fà, ìyálé rẹ̀ sì wà lára wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n ṣe èrú. Láyíwọlá dúró sórí gbòǹgbò, òun ló ń fi ohùn rẹ̀ ka kèrègbè bó ti ń yọ. Ó ka ọ̀kan, ó ka èjì. Nígbà tí yóò fi ka ẹẹ́wàá, oòrùn kò tíì ga, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lẹ́yìn ẹẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Obìnrin kan á di ewé mú, á tẹ̀ wọ omi, á jáde, á ní, "Ìko wà níbẹ̀." Òmíràn á lọ jìnnà, á di ewé mìíràn mú, á jáde. "Ìko wà níbẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí ṣáá. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Láyíwọlá. Ó ń na ọ̀pá rẹ̀ sí wọn pé kí wọ́n wo apá ibí, kí wọ́n wo apá ọ̀hún, níbi tí ewé ti dì. Ìyálé rẹ̀ lọ síbi tó nà án sí, ó tẹ̀ wọ omi, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó nu omi lójú, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ìko wà níbẹ̀, Bàbá Ọlátóńdé."

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, kò sí ewé tí wọn kò tíì tọ̀ dé ìdí mọ́. Kèrègbè mẹ́tàdínlógún ló ń mì lójú omi. Ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́ta ṣì wà lórí bèbè níbi tí wọ́n kó wọn jọ sí. Èèyàn kò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé fún un, òkìtì náà tóbi, ó sì wà lójú gbogbo ayé.

Láyíwọlá bọ́ fìlà, ó gbé e lé Baálẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ìyẹn kọ́ ló ṣòro. Ẹni tí ebi ń pa kì í fi fìlà olóyè jẹun. Àwọn ọkùnrin kan ti ń gbé ọkọ́ léjìká, wọ́n ní àwọn obìnrin kò wá a dáadáa, wọ́n ní ewé tó tó báyìí kò lè má ní ìdí. Àwọn méjì ti fi ẹsẹ̀ kan sínú omi.

Níbẹ̀ ni Láyíwọlá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí gbòǹgbò. Ó bọ́ agbádá, ó ká a, ó gbé e sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti fi ẹsẹ̀ oyè rẹ̀, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ẹfun kùn, tẹ ẹrẹ̀. Àwọn àgbà bo ojú. Kò wo ẹ̀yìn. Ó rin inú omi náà láti gbòǹgbò ìyeyè dé èbúté kejì, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ìsàlẹ̀ bíi ti afọ́jú, ó sì rìn ín padà. Nígbà tó dé àárín, ó dúró, omi mù ún dé àyà. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kì í ṣe èyí tí ará oko ń gbọ́.

"Láti ibí dé ọ̀hún, mi ò tẹ ìdí kan," ló wí. "Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi pè yín wá jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ wà á lónìí, kó kọ́kọ́ wá gbé òkú mi kúrò níbí."

Àwọn méjì náà yọ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn tó kù sọ ọkọ́ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Baálẹ̀ pàṣẹ pé kò sí ẹni tó gbọdọ̀ wa òṣíbàtà mọ́ títí igba kèrègbè náà á fi wọ omi. Ó wá na fìlà Aṣọ́dò sí Omíṣadé, ó ní ẹni tó mọ iṣẹ́ ni kó ní oyè. Omíṣadé kò gbà á.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Ẹ dá a padà fún un," ló wí. "Aṣọ́dò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ẹrẹ̀ là ń wá. A ti rí i."

Ohun tó ṣe tẹ̀lé e ni agbo ilé Onígèrè fi ń gbé orí sókè títí dòní. Nítorí ebi, ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan wá dẹ ìgèrè kan sí àyè Onígèrè títí iṣu oko á fi ta. Ó sì jókòó ti àwọn obìnrin tí kò kí i mọ́, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń hun ún. Ẹja tó wà lábẹ́ ewé ìdí mẹ́tàdínlógún yẹn ló gbé ìlú wa la ọ̀dá náà já.

Nígbà tí ọdún yí po, ewé tún bo ojú omi ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ìlú péjọ. Láyíwọlá ti kọ́kọ́ wọ omi, ó rìn ín já kí ó tó gun gbòǹgbò, omi ṣì ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀. Àwọn èèyàn ń retí ìkéde tí wọ́n mọ̀. Ẹnì kan tí itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀ kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Aṣọ́dò, odò mà ti kún." Láyíwọlá wo ewé, ó wo kèrègbè. Ó wá fi ohùn rẹ̀ àtijọ́ dáhùn, ará oko sì gbọ́:

"Ewé òṣíbàtà kún odò, ìdí rẹ̀ là ń kà. Ó di mọ́kànlélógún."

Wọ́n padà sílé lọ́wọ́ òfìfo, inú wọn sì dùn, nítorí mẹ́rin ti kún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á lọ́dọọdún. Ní ọdún kẹsàn-án, kèrègbè tán nílẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ọmọdé sáré lọ mú sí i wá nílé. Láti ìgbà náà wá, a ń wa iṣu òṣíbàtà o, ṣùgbọ́n a kì í wà á kí kèrègbè tó pé.

Ọdún kẹsàn-án yìí kan náà ni àwọn àgbààgbà Ìpọnmi wọlé tọ Baálẹ̀ wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Omi tiwọn ti là kalẹ̀ bí orí apárí. Àwọn náà ti ń sọ pé ó wà níbi gbogbo, títí kò fi sí lọ́dọ̀ wọn. Omíṣadé fúnra rẹ̀ ló wa ìdí mẹ́wàá fún wọn, tòun ti kèrègbè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òṣíbàtà tó wà ní Ìpọnmi lónìí, ọmọ Adágún Ìyeyè ni. Ẹ bá mi sọ fún wọn nígbà tí wọ́n bá tún ń rẹ́rìn-ín.

A kì í fi ẹfun kun ẹsẹ̀ Aṣọ́dò mọ́. Ẹrẹ̀ la fi ń kùn ún. Bí oyè náà bá sì yí kan ilé wa, mo máa ń wo ẹsẹ̀ ẹni tó jẹ ẹ́, orí mi á wú. Ní àwọn agbo ilé mìíràn, wọ́n á sọ fún yín pé bàbá àwọn pa ẹkùn, pé bàbá àwọn ṣẹ́gun. Ẹkùn wọn kú ire. Bàbá tèmi wọ ẹrẹ̀ lójú gbogbo ìlú, ó ní òun ló ṣìnà, ó sì dúró síbẹ̀. Mi ò lè fi pààrọ̀ ẹkùn kankan.

Nítorí náà, bí ẹ bá wá kí wa, tí ẹ ń ka iye ọ̀rẹ́ yín fún wa, iye ọmọ, iye ẹni tó jó lọ́jọ́ tí ẹ ṣílé, tí àgbàlagbà kan sì rọra tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má bínú. Kò bú yín. Ó kàn fẹ́ kí ẹ padà sílé lọ fi ẹsẹ̀ wá ìsàlẹ̀ omi yín ni. Ewé òṣíbàtà kún odò, ìdí rẹ̀ là ń kà.